“In Shā Allāh” Ti Bẹ́ẹ̀ Ni Àbí Ti Rárá? Ìrìn-Àjò Ẹranko Tí Mo Ṣèlérí Fún Ọmọ Mi

Inú ilé tèmi gan-an ní Ajah ni ọ̀rọ̀ ti ọ̀sẹ̀ yìí ti wáyé. Mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe ilé tèmi nìkan ni irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn tí a kírun ìṣáì tán, èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ń fi àwọn ẹranko kan hàn ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Ẹ̀yin náà lè ti rí i rí: ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹranko tí ìwo wọn dà bíi ti màlúù, tí irùngbọ̀n wọn dà bíi ti òbúkọ. Wọ́n kóra jọ sí etí odò, wọ́n ń ti ara wọn, kò sí èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ bọ́ sómi. Nígbà tó yá, ọ̀kan bẹ́ sínú odò, ni gbogbo wọn bá ya lù ú gììrì. Àwọn ọ̀nì sì ti wà nínú omi tí wọ́n ń dúró dè wọ́n. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, dìde dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, “Dádì, ṣé a lè lọ síbẹ̀ lọ wò ó?”

Fóònù ni mò ń tẹ̀ lọ́wọ́. Mi ò tiẹ̀ gbójú sókè. Mo ní, “In shā Allāh.”

Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé in shā Allāh ti bẹ́ẹ̀ ni ni, àbí ti rárá?”

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé kí ló ní lọ́kàn. Ó ṣàlàyé fún mi, kò sì fi rí mi fín rárá. Ó ní tí mo bá sọ pé a máa lọ kí màmá àgbà ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, in shā Allāh, a máa ń lọ. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ pé a máa ra kẹ̀kẹ́, pé a máa lọ sí etíkun, pé màá wá síbi ayẹyẹ ilé-ìwé wọn, in shā Allāh, ìyẹn kì í ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, in shā Allāh méjì ló wà nílé wa, ó sì fẹ́ mọ èyí tí mo sọ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin òbí, mi ò tètè sùn lóru ọjọ́ yẹn. Ohun tó dùn mí jù ni pé òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Nínú Sūratul-Kahf, āyah 23 àti 24, Ọlọ́hun kọ́ Ànábì wa (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pé kó má ṣe sọ nípa nǹkan kan pé òun yóò ṣe é lọ́la, àfi kó fi ìfẹ́ Ọlọ́hun kún un. Ẹni tó ti pinnu láti ṣe nǹkan ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún. Ó ti múra, ó ti gbẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé agbára kò sí lọ́wọ́ òun. Àwa ti wá sọ ọ́ di aṣọ tí a fi ń bo “rárá” mọ́lẹ̀. Oníbàárà béèrè ọjọ́ tí iṣẹ́ òun máa parí, in shā Allāh. Ẹni tó yá wa lówó pè, in shā Allāh. Ọmọ ní òun fẹ́ nǹkan, in shā Allāh. Orúkọ Ọlọ́hun la wá fi ń sá fún ènìyàn.

Hadīth kan sì wà nínú àkójọ Abū Dāwūd tó ń bà mí lẹ́rù títí di òní. ʿAbdullāh ọmọ ʿĀmir ló sọ ọ́. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, Ànábì wà nínú ilé àwọn, ìyá òun wá pe òun pé kí òun wá gba nǹkan. Ànábì bi ìyá náà pé kí ló fẹ́ fún ọmọ. Ó ní dàbínù ni. Ànábì sọ fún un pé ká ní kò fún un ní nǹkan kan ni, wọn ì bá kọ irọ́ kan sí i lọ́rùn. Ẹ̀yin ará mi, dàbínù ni ti obìnrin yẹn o! Èmi, odidi ilẹ̀ Kẹ́ńyà ni mo fi ṣèlérí, ojú mi sì wà lórí fóònù.

Ọ̀nà méjì ló kù fún mi: kí n sọ fún un pé rárá, tàbí kí n jókòó kí n ṣètò rẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà lọ́jọ́ kejì, mo mú ìwé kan tí a kò tíì kọ nǹkan sí, mo pè é, mo ní kó kọ àkọlé sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó kọ SÀFÁRÌ gàdàgbà gàdàgbà. Mo wá sọ fún un pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe àjèjì sí wa. Èdè Swahili ni, inú èdè Lárúbáwá ni wọ́n sì ti mú un: safar, ìyẹn ìrìn-àjò. Ọ̀rọ̀ kan náà ni àáfà máa ń mẹ́nu bà ní ilé-kéú tó bá ń kọ́ wọn bí onírìn-àjò ṣe ń kírun.

Ẹranko náà fúnra rẹ̀ la kọ́kọ́ wádìí. Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní wildebeest, àwọn tó ń sọ Swahili ń pè é ní nyumbu. Nyumbu ni a mú nílé wa, torí ó rọrùn lẹ́nu àbúrò rẹ̀ kékeré. Àwọn nyumbu yìí lé ní mílíọ̀nù kan. Ọdọọdún ni wọ́n ń rìn yíká láàárín Serengeti ní ilẹ̀ Tànsáníà àti Masai Mara ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, tàwọn ti ọ̀kẹ́ àìmọye kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà àti egbin. Ọgbà Serengeti fẹ̀ tó 14,763 kìlómítà onígun mẹ́rin, ti Mara sì tó nǹkan bíi 1,500. Kò sí ògiri láàárín méjèèjì, àwọn ẹranko náà kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ ẹnubodè.

Láti oṣù kìíní sí oṣù kẹta, apá gúúsù Serengeti ni wọ́n máa ń wà, ní agbègbè Ndutu. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bímọ, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ni wọ́n sì ń bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ náà. Eérú tó tú jáde látinú òkè ayọnáyèéfín láyé àtijọ́ ló wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Koríko rẹ̀ kúrú, ṣùgbọ́n ó ní èròjà tó ń fún ìyá ní wàrà, tó sì ń mú egungun ọmọ le. Tí òjò bá dá, omi á tán níbẹ̀, wọ́n á gbéra, wọ́n á gba apá ìwọ̀-oòrùn àti àríwá, wọ́n á la odò Grumeti kọjá. Láàárín oṣù keje sí oṣù kẹwàá, wọ́n á dé odò Mara. Ibẹ̀ ni ohun tí a rí lórí tẹlifíṣọ̀n ti ń ṣẹlẹ̀. Tí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀ ní gúúsù ní nǹkan bí oṣù kọkànlá, wọ́n á padà síbi tí wọ́n ti bí wọn.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń padà. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì gbé jáde ní 2017 fi hàn pé nǹkan bíi 6,250 nyumbu ló ń kú sínú odò Mara lọ́dún. Ojú ọmọ mi rẹ̀wẹ̀sì nígbà tí a ka ibẹ̀ yẹn. Mo ní kó máa kà á lọ. A rí i pé òkú wọn ni ẹja, ọ̀nì àti igún ń jẹ, egungun wọn sì ń bọ́ àwọn ohun abẹ̀mí inú odò náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo rán an létí ohun tó há sórí nínú Sūratu Hūd, āyah 6, pé kò sí ohun abẹ̀mí kan lórí ilẹ̀ tí arísìkí rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ó ní, “Dádì, èmi rò pé oúnjẹ ènìyàn nìkan ni.”

Ohun kan tún wà tó yà mí lẹ́nu. Ní bíi ọdún 1961, nyumbu Serengeti kò ju nǹkan bíi 250,000 lọ. Àrùn màlúù kan tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní rinderpest ló ń pa wọ́n. Láti nǹkan bí ọdún 1890 ló ti ń jà ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, tó ń pa màlúù àti ẹran ìgbẹ́ pa pọ̀. Nígbà tí wọ́n wá ń fún màlúù àwọn darandaran ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, àrùn náà kúrò lára nyumbu pẹ̀lú. Kí ọdún 1980 tó dé, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù kan. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìtọ́jú ẹran tó wà ní Vom lẹ́bàá Jos, ní orílẹ̀-èdè tiwa níbí, tìtorí irú àrùn yẹn gan-an ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀ ní 1924. Ní 2011, wọ́n kéde pé àrùn náà ti tán pátápátá lórí ilẹ̀ ayé. Oore tí wọ́n ṣe fún ẹran ọ̀sìn ló dé ọ̀dọ̀ ẹran ìgbẹ́.

Ẹ wá jẹ́ ká bọ́ sórí ètò, torí àwọn kan nínú yín lè ní irú ìrìn-àjò yìí lọ́kàn.

Àkọ́kọ́ ni àsìkò. Ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn àwọn ilé-ìwé Èkó bọ́ sí àkókò tí nyumbu ń la odò Mara, ìyẹn láti ìparí oṣù keje títí wọ oṣù kẹsàn-án. Èyí dára fún ẹni tó lọ́mọ nílé-ìwé. Ṣùgbọ́n àkókò yẹn náà ni ó wọ́n jù. Láti 2024, owó ìwọlé Masai Mara fún àgbàlagbà tó wá láti òkè òkun jẹ́ 100 dọ́là lójúmọ́ láti oṣù kìíní sí oṣù kẹfà, ó sì di 200 dọ́là láti oṣù keje títí dé ìparí ọdún. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó, torí iye rẹ̀ máa ń yí padà. Owó ọkọ̀ òfuurufú, ti ilé ìsùn àti ti ọkọ̀ tó ń gbé ènìyàn wọ inú igbó ò sí nínú ìyẹn o.

Èkejì ni ọ̀nà. Láti Èkó dé Nairobi, ó lé ní wákàtí márùn-ún nínú bàálù tó bá lọ tààrà. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ ó fi wákàtí méjì kún aago yín. Láti Nairobi, ẹ lè gba ojú títì gba ìlú Narok kọjá, èyí tó máa ń gbà tó wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹ sì lè wọ bàálù kékeré láti pápákọ̀ Wilson, tí kì í tó wákàtí kan àbọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ti Ajah lọ sí Obalende láàárọ̀ ọjọ́ Ajé nìkan lẹ lè gbọ́ wákàtí márùn-ún kí ẹ̀rù má bà yín!

Ẹ̀kẹta ni ìwé. Kí páálí ìrìnnà oníkálùkù ṣì ní ju oṣù mẹ́fà lọ kó tó parí. Kí ẹ gba abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìn-àjò, kí ẹ sì gba káàdì rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà. Ní ti ìwé àṣẹ ìwọlé, orí ìkànnì ìjọba orílẹ̀-èdè tí ẹ ń lọ gan-an ni kí ẹ ti kà á, kì í ṣe lẹ́nu alágbàṣe. Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí oògùn ibà. Kí ẹ sì mú aṣọ òtútù dání. Mara ga ju ojú òkun lọ ní ohun tó tó 1,500 mítà, òwúrọ̀ ibẹ̀ máa ń tutù. Ọmọ Ajah tí òógùn ń bo láti àárọ̀ lè rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Ẹ̀kẹrin ni ìrun àti oúnjẹ. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni ọkọ̀ máa ń gbéra lọ wo ẹranko, nítorí náà ẹ ti gbọ́dọ̀ kí àsùbáà kí ẹ tó jáde. Nínú ọgbà, wọn kì í gba ènìyàn láyè láti sọ̀ kalẹ̀ níbi tó bá wù ú, torí kìnnìún ò mọ ẹni tó ń kírun. Ẹ bá awakọ̀ sọ ọ́ ṣáájú pé kó dúró níbi tí wọ́n fàyè gbà ní ọ̀sán. Onírìn-àjò lè dín yílà àti àlásàrì kù sí rákáà méjì méjì, ó sì lè kó wọn pọ̀. Gábàsì tún yàtọ̀. Ní Èkó, apá àríwá ìlà-oòrùn la máa ń kọjú sí, ṣùgbọ́n láti Mara, apá àríwá ni Mẹ́kà wà, díẹ̀ ló fi yà sí ìlà-oòrùn. Ní ti ẹran, Mùsùlùmí pọ̀ ní Kẹ́ńyà, kì í ṣòro láti rí oúnjẹ halāl ní Nairobi. Àmọ́ inú igbó, ẹ kọ̀wé sí ilé ìsùn ṣáájú, kí ẹ sì gba èsì lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀karùn-ún ni owó fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe yá owó èlé nítorí ìgbádùn. Àjọ tàbí ìfipamọ́ díẹ̀díẹ̀ ló dára. Tí owó tí ẹ fi pamọ́ bá tó níṣáàbù, tó sì pé ọdún kan lọ́wọ́ yín lórí kàlẹ́ńdà òṣùpá, ẹ yọ sàká rẹ̀, ìyẹn 2.5 nínú 100. Pé ìrìn-àjò ni a fẹ́ fi ṣe kò yọ ọ́ kúrò nínú sàká.

Lẹ́yìn gbogbo ètò yìí, ohun kan kù tí kò sí owó tó lè rà á. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí nyumbu máa la odò. Àwọn kan ti jókòó sétí odò Mara fún ọjọ́ mẹ́ta, agbo náà wá dé etí omi, ó wò ó, ó sì yí padà. Ìgbà tí mo ka èyí ni in shā Allāh tó yé mi dáadáa. Gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni kí n ṣe. Èyí tí kò sí lọ́wọ́ mi ni kí n fi sílẹ̀ fún Ọlọ́hun.

Inú mi dùn sí ìwé náà débi pé mo pe màmá mi ní Ẹ̀pẹ́ láti ròyìn fún wọn. Mo sọ nípa odò, nípa ọ̀nì, nípa bàálù kékeré. Wọ́n tẹ́tí sí mi títí mo fi parí. Wọ́n ní, “Ó dáa, ọmọ mi. Mẹ́kà ńkọ́?”

Mo ní, “Màámi, a máa lọ, in shā Allāh.”

Wọ́n ní, “O ti ń sọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ṣé àlejò ẹranko lo fẹ́ kọ́kọ́ ṣe kí o tó ṣe àlejò Ọlọ́hun?”

Mo wá ọ̀rọ̀ tì. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń sọ pé màá lọ sí Hajj lọ́dún tó ń bọ̀, in shā Allāh. Mo ti ra ọkọ̀ láàárín ọdún mẹ́jọ yẹn. Mo ti pààrọ̀ fóònù lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò ṣí àpò kan lọ́tọ̀ fún Hajj rí, ì báà jẹ́ fún ẹgbẹ̀rún kan náírà. Ìbéèrè tí ọmọ mi bi mí, kì í ṣe òun nìkan ló yẹ kó bi mí i. In shā Allāh ti rárá tí mò ń sọ fún ọmọ ọdún mẹ́wàá náà ni mo ti ń sọ fún Ẹni tó dá mi. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló sì ti sọ pé ẹni tí agbára rẹ̀ bá ti ká Hajj ọ̀ranyàn, kó má ṣe máa sún un síwájú. Nyumbu Serengeti ló wá tú àṣírí mi.

Èmi àti ìyàwó mi jókòó lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a ṣírò. Owó ò lè tó fún méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. A pinnu pé Hajj ló máa ṣáájú, a sì wádìí nípa ètò ìfowópamọ́ Hajj tí àjọ NAHCON bẹ̀rẹ̀ ní 2020, níbi tí ènìyàn ti lè máa san owó díẹ̀díẹ̀. Sàfárì á tẹ̀lé e.

Ó wá ku kí n sọ ọ́ fún ọmọ. Ẹ̀rù bà mí ju bó ṣe bà mí níwájú màmá mi lọ. Mo pè é, mo jókòó tì í, mi ò mú fóònù dání. Mo sọ fún un pé mo ti ṣèlérí láìronú, pé mo tọrọ gáfárà. Mo sọ fún un pé ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun ni mo ti jẹ gbèsè ṣáájú, pé màá san ìyẹn ná, àti pé ìrìn-àjò nyumbu á di ọdún mẹ́rin sí àkókò yìí. Ó fi ìka ka ọdún náà. Ó ní, “Màá ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rò ó díẹ̀, ó lọ mú ìwé SÀFÁRÌ wá, ó ní, “Dádì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ sí i.” Mo kọ ọ́, mo fọwọ́ sí i. Ó wá béèrè ohun tí mi ò retí: “Kí la máa máa wò títí di ìgbà yẹn?”

Ẹ̀yin ará Lekki àti Ajah, ẹ ti mọ ibi tí mo ń lọ. Lẹ́bàá ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, níwájú ilé iṣẹ́ Chevron, ni Lekki Conservation Centre wà. Nigerian Conservation Foundation ló dá a sílẹ̀ ní 1990, ilẹ̀ rẹ̀ sì tó hẹ́kítà 78. Mo ti gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ fún ọdún méjìlá, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tó fún mi láyè láti ka gbogbo lẹ́tà ara pátákó rẹ̀, mi ò sì yà síbẹ̀ rí. Ní ìsinmi oṣù kejìlá, a lọ.

Ọ̀bọ ló kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀. Ọ̀kan já páálí bísíkíìtì gbà lọ́wọ́ ọmọ mi ọkùnrin, ó gun igi lọ, ó sì jókòó síbẹ̀ tó ń jẹ ẹ́ níṣojú ẹni tó ni ín. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sọ fún wa pé a kò gbọdọ̀ fún wọn lóúnjẹ, torí ó ń bà wọ́n jẹ́. A rí ìjàpá, a rí ọ̀kín, a rin orí afárá pákó kọjá lórí àbàtà. A wá gun afárá olókùn tó gba orí igi kọjá, tó gùn tó 401 mítà. Orúkọ Ọlọ́hun ò kúrò lẹ́nu ìyá àwọn ọmọ títí ó fi sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí àlásàrì tó, a tẹ́ ẹní sórí koríko, a kírun. Ọmọbìnrin mi kọ orúkọ gbogbo ohun tó rí sínú ìwé SÀFÁRÌ. Ó ní ojú ewé àkọ́kọ́ nìyẹn.

Bí a ti ń padà sílé nírọ̀lẹ́, ní ìtòsí Ajah, agbo lékeléke kan kọjá lókè wa, wọ́n funfun báláú, wọ́n ń lọ sùn sí apá ọ̀sà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni lékeléke máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Tí òjò bá dé, ọ̀pọ̀ wọn á gba òkè Ọya lọ láti pamọ níbẹ̀, tó bá tún di ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ wá. Òjò ni wọ́n ń bá rìn, gẹ́gẹ́ bí nyumbu. Ọmọ mi gbójú sókè, ó ní, “Dádì, àwọn náà wà lórí ìrìn-àjò.” Láti kékeré ni mo ti ń rí lékeléke. Mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Sūratul-Anʿām, āyah 38, kọ́ wa pé ẹranko orí ilẹ̀ àti ẹyẹ tó ń fi ìyẹ́ fò jẹ́ ìjọ bíi tiwa. Àbàtà tí wọ́n máa ń bà sí lẹ́yìn àdúgbò wa, yanrìn ti kún ibẹ̀, wọ́n ti mọ ògiri yí i ká. Ọmọ náà béèrè ibi tí wọ́n máa bà sí báyìí. Mi ò ní èsì, mi ò sì sọ in shā Allāh. Mo sọ fún un pé mi ò mọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ kò pọ̀. Tí ọmọ bá béèrè nǹkan tí kò ṣeé ṣe, ẹ sọ fún un pé kò ṣeé ṣe, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Ọmọ lè gba rárá. Tí ẹ bá sọ in shā Allāh, kí ẹsẹ̀ yín ti gbéra. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àlá àtirìn kiri ayé kò burú. Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ pè wá nínú Sūratul-ʿAnkabūt, āyah 20, pé kí a rìn lórí ilẹ̀, kí a wo bí Ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀dá. Ṣùgbọ́n ẹ san gbèsè tó ṣáájú, ẹ ṣí àpò fún un, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó sún mọ́ yín. Tí Kẹ́ńyà bá jìn, erin wà ní Yankari ní ìpínlẹ̀ Bauchi. Tí Bauchi bá jìn, lékeléke ń kọjá lórí òrùlé yín.

Àpò méjì ló wà nílé wa báyìí. Owó Hajj ti wọ oṣù kẹrin, owó ìrìn-àjò nyumbu kéré gan-an, ṣùgbọ́n ó ti wà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi sọ fún mi pé ayẹyẹ ilé-ìwé wọn máa wáyé lọ́jọ́bọ̀. Mo ní, “Màá wá, in shā Allāh.” Ó wo ojú mi fún ìgbà díẹ̀, kò béèrè èwo ni. Ó lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó tọ́jú àga méjì.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹnu wa àti iṣẹ́ ọwọ́ wa dọ́gba. Kí Ó pè wá sí Ilé Rẹ̀, kí Ó fi ẹ̀mí àwọn ọmọ wa gùn láti rí iṣẹ́ ìyanu Rẹ̀ lórí ilẹ̀, kí Ó sì mú gbogbo onírìn-àjò padà sílé ní àlàáfíà. Āmīn.